Ǹjẹ́ Ohun Tí Ojú Rí Nìkan Ni Ó Wà?

Ọ̀rọ̀ àsọyé fún àwọn ọmọ ìjọ ní agbègbè Ọ̀tọ̀-Àwórì



Bóyá ni ọmọ Àwórì kan wà tí kò gbọ́ ìtàn àwo. Àwọn baba sọ fún wa pé nígbà tí Ògúnfúnminíre kúrò ní Ilé-Ifẹ̀, a gbé àwo kan lé ojú omi, a sì pàṣẹ fún un pé kí ó máa tọ̀ ọ́ lẹ́yìn títí dé ibi tí yóò gbé rì. Ó tọ̀ ọ́ lẹ́yìn lẹ́bàá Odò Ògùn títí ó fi dé Ìṣẹ́rí, níbẹ̀ ni àwo náà gbé rì. Nígbà tí a bi í léèrè, ó dáhùn pé, “Àwo ti rì.” Láti inú èsì yìí, gẹ́gẹ́ bí ìtàn ti wí, ni a ti ń pe àwọn ènìyàn rẹ̀ ní Àwórì.

Ẹ jẹ́ kí a fi ojú inú wo ọkùnrin méjì tí wọ́n dúró létí odò lọ́jọ́ náà. Èkínní wí pé, “Omi ni ó ń gbé àwo lọ. Bí omi bá yára, àwo a yára. Bí omi bá kún inú rẹ̀, a rì.” Èkejì wí pé, “Ẹnìkan ni ó ń tọ́ ọkùnrin yìí sọ́nà.” Bí èkejì bá sẹ́ pé omi ni ó gbé àwo, irọ́ ni ó pa, nítorí gbogbo ènìyàn ni ó rí omi. Ṣùgbọ́n bí èkínní bá wí pé, nítorí tí òun ti rí omi, kò lè sí ẹni tí ń tọ́ni sọ́nà, ó ti sọ ju ohun tí ojú rẹ̀ rí lọ. Ìjiyàn tí ó wà láàárín ẹni tí ó gba Ọlọ́run gbọ́ àti ẹni tí ó wí pé kò sí Ọlọ́run fẹ́rẹ̀ẹ́ pé pérépéré nínú ọ̀rọ̀ àwọn ọkùnrin méjì yìí.

Kí ni ó dé tí a fi gbọdọ̀ gbé ọ̀rọ̀ yìí yẹ̀wò níhìn-ín? Láti 1983 ni Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó ti wà ní Ọ̀jọ́, ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ tí ó wà ní Ìjànìkín pẹ̀lú sì ti di yunifásítì ní 2022. Ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ tí a ń rà ní ọjà Àlàbá sì ti mú kí ìwé gbogbo ayé wà ní àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé. Àwọn ọmọ wa ń kàwé, wọ́n ń ronú, wọ́n sì ń bèèrè.

Mo mọ ilé kan ní agbègbè yìí. Ọmọkùnrin wọn ti ilé-ẹ̀kọ́ gíga dé, kò sì kúnlẹ̀ nígbà àdúrà òwúrọ̀. Baba rẹ̀ bi í pé kí ló dé. Ó dáhùn pé, “Bàámi, ẹ má bínú, n kò gbàgbọ́ mọ́.” Baba gbá a létí. Ìyá bú sẹ́kún, ó sì ránṣẹ́ pe àwọn tí yóò lé ẹ̀mí àìmọ́ jáde. Nínú gbogbo wọn, kò sí ẹnìkan tí ó bi ọmọ náà pé, “Kí ni ó mú ọ ṣiyèméjì?” Ọmọ náà di ẹrù rẹ̀, ó jáde lọ. Ó di ọdún mẹ́ta báyìí, kò tí ì padà. Baba náà gan-an ni ó kọ́kọ́ bẹ̀ mí pé kí n sọ̀rọ̀ lórí ohun tí a wá gbọ́ lónìí.

I. OHUN TÍ WỌ́N Ń WÍ

Agbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ gbọ́ tẹnu wọn.

Ẹ̀kọ́ wọn kì í ṣe tuntun. Ní ilẹ̀ Gíríìkì, ó lé ní 350 ọdún kí a tó bí Jésù, Democritus ti ń kọ́ni pé kò sí ohun mìíràn bí kò ṣe àwọn wóró kéékèèké tí ojú kò lè rí, tí a kò sì lè pín sí méjì, àti àlàfo tí wọ́n ń rìn nínú rẹ̀. Láti ìgbà náà ni ẹ̀kọ́ yìí ti ń bọ̀: pé ohun tí a lè rí, tí a lè wọ̀n, tí a lè fọwọ́ kàn, òun nìkan ni ó wà; pé ẹ̀mí, ọkàn àti Ọlọ́run jẹ́ orúkọ tí ènìyàn fi pe ohun tí kò yé e.

Ẹ má ṣe da gbogbo wọn pọ̀. Ẹnìkan wà tí ó wí pé, “Kò sí Ọlọ́run.” Òmíràn wí pé, “N kò mọ̀ bóyá ó wà tàbí kò sí.” Ẹni tí ó sọ pé òun kò mọ̀ kò tí ì sẹ́, ó lè jẹ́ pé ọ̀nà ni ó ń wá.

Ọ̀rọ̀ wọn tí ó lágbára jùlọ jẹ́ mẹ́ta. Èkínní ni pé, ọ̀pọ̀ ohun tí àwọn baba wa fi sọ́rùn òrìṣà àti ẹ̀mí ni a ti rí ìdí rẹ̀ lónìí. Èkejì ni pé, èrò ènìyàn rọ̀ mọ́ ọpọlọ rẹ̀: bí ọtí bá wọ̀ ọ́, tàbí bí igi bá là á lórí, èrò rẹ̀ a dàrú, nígbà tí ọpọlọ bá kú, kí ni yóò ṣẹ́kù? Ẹ̀kẹta ni pé, bí Ọlọ́run olóore tí ó lágbára ohun gbogbo bá ń bẹ, kí ni ó dé tí ọmọdé fi ń jìyà? Ẹni tí ó bá wí pé òmùgọ̀ ni ó ń bèèrè irú ìbéèrè wọ̀nyí, òun fúnra rẹ̀ ni kò tí ì ronú.

II. OHUN TÍ WỌ́N SỌ TÍ Ó JẸ́ ÒTÍTỌ́

Ẹ jẹ́ kí a mú ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́. Ní ayé àtijọ́, bí ilẹ̀ gbígbóná bá wọ ìlú, ẹ̀rù kì í jẹ́ kí ènìyàn dárúkọ Ṣọ̀pọ̀ná. Wọ́n gbà pé ọba òrìṣà ni ó ń bínú, àwọn àwòrò rẹ̀ a sì kó ẹrù òkú lọ. Nígbà náà ni Dókítà Oguntola Sapara (1861–1935), oníṣègùn tí í ṣe ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Èkó, fi ọgbọ́n wọ inú ẹgbẹ́ awo náà. Ó rí i pé nínú àwọn àwòrò náà ni a ti rí àwọn tí ń fi ohun tí wọ́n fá lára alárùn ràn án mọ́ àwọn ẹlòmíràn. Lẹ́yìn tí ó tú àṣírí yìí, ìjọba fi òfin de ìsìn náà.

Bẹ́ẹ̀ sì ni a ti mọ ohun tí ó lè dá àrùn náà dúró láti 1796, nígbà tí Edward Jenner ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í bu àjẹsára fún ènìyàn. Ní ìparí 1966, ní ìhà Ìlà-Oòrùn Nàìjíríà, oògùn àjẹsára kò tó láti fún gbogbo ènìyàn. Dókítà William Foege àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ wá ibi tí àrùn náà bá ti bẹ́ sílẹ̀, wọ́n sì ń fún àwọn tí ó yí alárùn ká ní àjẹsára kí iná náà má baà ràn. Ọ̀nà yìí tàn ká ayé. Ní 1970 ni a rí alárùn ìkẹyìn ní Nàìjíríà, ní oṣù Karùn-ún 1980 sì ni Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé àrùn náà ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní gbogbo ayé.

Ẹni tí ó sẹ́ Ọlọ́run yóò wí pé, “Ẹ kò rí i? Òrìṣà tí ẹ bẹ̀rù ti di àrùn, abẹ́rẹ́ sì ti ṣẹ́gun rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni Ọlọ́run yín náà yóò rí.” Kí ni a ó dá a lóhùn? A ó kọ́kọ́ gbà pé òtítọ́ ni ó sọ nípa Ṣọ̀pọ̀ná. Lẹ́yìn náà ni a ó sọ fún un pé William Foege yìí, dókítà míṣọ́n ni. Ìgbàgbọ́ ni ó mú un wá sí ilẹ̀ wa, ìgbàgbọ́ kan náà kò sì dí i lọ́wọ́ láti wá ìdí àrùn.

Ọlọ́run tí a fi dí àlàfo àìmọ̀ wa, bí ìmọ̀ bá ti ń dàgbà, bẹ́ẹ̀ ni a ó máa lé e sẹ́yìn títí kì yóò fi ní ibùjókòó mọ́. Ìgbàgbọ́ àwọn baba wa nínú Kristi kò rí bẹ́ẹ̀. A gbàgbọ́ pé òun ni ó dá àrá àti òfin tí àrá ń tẹ̀lé, òun ni ó dá ẹ̀jẹ̀ àti ọgbọ́n tí dókítà fi ń wo ẹ̀jẹ̀. Nítorí náà ẹni tí ó dúró lórí pẹpẹ lónìí, tí ó sọ fún alárùn àtọ̀gbẹ pé kí ó da oògùn rẹ̀ nù láti fi ìgbàgbọ́ rẹ̀ hàn, kò yàtọ̀ sí àwòrò Ṣọ̀pọ̀ná; òun ni ó sì ń kọ́ àwọn ọmọ wa láti sẹ́ Ọlọ́run.

III. IBI TÍ Ẹ̀KỌ́ WỌN KÒ DÉ

Ṣùgbọ́n ǹjẹ́ a lè wá wí pé, nítorí tí a ti mọ ìdí ohun púpọ̀, a ti mọ ìdí ohun gbogbo?

Ní 1927, Georges Lemaître, ọmọ ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù, kọ ìwé pé ojú ọ̀run ń fẹ̀ sí i lójoojúmọ́. Ní 1929, Edwin Hubble ní Amẹ́ríkà tẹ ẹ̀rí jáde pé àwọn ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ ń sún jìnnà sí wa. Lemaître tún ronú pé, bí ó bá ń fẹ̀ lónìí, ó ní láti jẹ́ pé ó kéré púpọ̀ ní àtètèkọ́ṣe. Ní 1965, a gbọ́ ìkéde àwọn onímọ̀ méjì ní Amẹ́ríkà pé wọ́n rí ìyókù ooru ìgbà àtijọ́ náà káàkiri ojú ọ̀run. Lónìí, àwọn onímọ̀ ṣírò pé ó tó bílíọ̀nù ọdún 13.8 láti ìgbà náà wá.

Ta ni Lemaître yìí? Àlùfáà ìjọ Àgùdà ni. Ọ̀pọ̀ ènìyàn fẹ́ láti fi iṣẹ́ rẹ̀ ṣe ẹ̀rí pé Bíbélì járe, òun kọ̀. Ó mọ̀ pé ìmọ̀ ayé lè yí padà lọ́la, kò sì fẹ́ kí a gbé ìgbàgbọ́ ka orí ohun tí ó lè yẹ̀. Ẹ̀kọ́ ńlá ni èyí jẹ́ fún wa: kí a má ṣe yára pariwo “Halelúyà” nígbà tí ìwé ìròyìn bá wí pé àwọn onímọ̀ ti rí Ọlọ́run, kí ojú má baà tì wá nígbà tí wọ́n bá wí pé àwọn kò rí i mọ́.

Ìbéèrè tí a ń bèèrè jinlẹ̀ ju èyí lọ. Ìmọ̀ nípa ohun àfojúrí lè sọ bí ohun kan ti ti ara òmíràn wá. Kò lè sọ ìdí rẹ̀ tí ohunkóhun fi wà rárá, tí kò fi jẹ́ pé kò sí nǹkankan. Ẹni tí ó sẹ́ Ọlọ́run lè dáhùn pé, “Ó kàn wà bẹ́ẹ̀ ni.” Ó ní ẹ̀tọ́ láti sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kí ó mọ̀ pé ìgbàgbọ́ ni òun pẹ̀lú fi sọ ọ́, kò sí òṣùwọ̀n kan tí ó fi wọ̀n ọ́n.

Ẹ jẹ́ kí a wá sí ọ̀rọ̀ ọpọlọ. Bí ẹ bá gbé rédíò lọ bá àwọn tí ń tún un ṣe ní ọjà Àlàbá, wọn yóò tú u palẹ̀. Wọn yóò fi wáyà àti irin hàn yín, wọn yóò sì wí pé kò sí asọ̀rọ̀ kankan nínú rẹ̀. Òtítọ́ ni. Bí ẹ bá sì fọ́ ọ mọ́lẹ̀, ohùn yóò dákẹ́. Ǹjẹ́ èyí fi hàn pé asọ̀rọ̀ ti kú? Rárá o. Mo gbà pé òwe lásán ni èyí, òwe kì í sì í ṣe ẹ̀rí. Alátakò wa lè wí pé, “Mo mọ ilé rédíò, mo lè mú ọkọ̀ lọ síbẹ̀, níbo ni ilé ọkàn wà?” Ó bèèrè dáradára. Ohun tí òwe náà fi hàn kò ju èyí lọ: pé bí ohùn bá rọ̀ mọ́ irin, kò tí ì di dandan pé irin nìkan ni ohùn.

Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí àwa náà ní láti bi í. Bí èrò inú mi bá jẹ́ kìkì ìrìn àwọn wóró tí kò ní òye, tí kò sì bìkítà bóyá òtítọ́ ni tàbí irọ́, kí ni ó dé tí èmi yóò fi gbẹ́kẹ̀ lé èrò náà? Yóò dáhùn pé ẹni tí kò ronú tọ́ nípa kìnnìún ni kìnnìún pa jẹ, àwa sì ni ọmọ àwọn tí ó yè. Èyí lè ràn wá lọ́wọ́ nípa kìnnìún. Ṣùgbọ́n ta ni ó yè nítorí pé ó ronú tọ́ nípa ìràwọ̀ tí ó jìnnà, tàbí nípa bóyá Ọlọ́run wà tàbí kò sí? Ẹni tí ó fi ìrònú sẹ́ ẹ̀mí ń jókòó sórí ẹ̀ka kan náà tí ó ń gé.

IV. ỌMỌ WA TÍ Ó SẸ́

Ẹnìkan lè rò pé àlejò ni ẹ̀kọ́ yìí láàárín Yorùbá. Ẹ jẹ́ kí a rántí Táí Ṣólàárín, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ ní Rẹ́mọ, tí a bí ní 1922, tí ó sì kú ní 1994. Ó kẹ́kọ̀ọ́ ní Wesley College ní Ìbàdàn, ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì. Ó wà nínú ẹgbẹ́ ọmọ-ogun òfuurufú Ìlú Ọba nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ó sì tún kàwé ní Manchester. Nígbà tí ó di ọ̀gá Molusi College ní Ìjẹ̀bú-Igbó ní 1952, ó fẹ́ kí orin àti àdúrà ìsìn kúrò nínú ilé-ẹ̀kọ́ náà. Àwọn tí ó ni ilé-ẹ̀kọ́ kò gbà, ó sì fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kìn-ín-ní 1956, òun àti Sheila aya rẹ̀ dá Mayflower School sílẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́. Wọ́n fi orúkọ náà rántí ọkọ̀ ojú omi tí àwọn tí ń wá òmìnira ìsìn wọ̀ lọ sí Amẹ́ríkà ní 1620. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń roko níbẹ̀, wọ́n ń kọ́ ilé, wọ́n sì ń kọ́ láti fi ọwọ́ ara wọn ṣe nǹkan. Kò sí ilé ìsìn nínú ọgbà náà. Aṣọ kákí àti ṣòkòtò péńpé ni ọ̀gá wọn ń wọ̀. Nígbà tí ìjọba ológun wà lórí oyè ní 1984, a jù ú sí ẹ̀wọ̀n nítorí ó wí pé kí wọ́n dá ìjọba padà fún àwọn ará ìlú.

Ẹ̀sùn tí ó fi kàn wá ni pé a fi àdúrà rọ́pò iṣẹ́. Ẹ̀yin ará, ta ni nínú wa tí ó lè dìde wí pé irọ́ ni? Àwa tí a ń fi òru ọjọ́ Ẹtì pariwo, tí òwúrọ̀ Àbámẹ́ta sì ń bá lójú oorun nígbà tí iṣẹ́ ìmọ́tótó àdúgbò ń lọ. Àwa tí a ń fi owó púpọ̀ kọ́ ilé ìjọ, tí ọmọ opó tí ó jókòó lẹ́yìn wa kò sì rí owó ilé-ẹ̀kọ́ san. Jésù Olúwa sọ òwe nípa ọmọ méjì tí baba wọn rán lọ sí oko: ọ̀kan wí pé òun kò lọ, ó sì lọ lẹ́yìn náà, èkejì wí pé òun ń lọ, kò sì dé ibẹ̀. Bí a bá ka òwe náà dé ìparí, ìdájọ́ rẹ̀ kò dùn mọ́ àwọn tí ń fi ẹnu jẹ́ “Bẹ́ẹ̀ ni.”

Ṣùgbọ́n òun náà ní ìbéèrè láti dáhùn. Nígbà tí ó ń bá ìjọba wí, tí ó mọ̀ pé ẹ̀wọ̀n lè jẹ́ èrè rẹ̀, kí ni ó sọ fún un pé ó yẹ kí ó sọ̀rọ̀? Yorùbá ní ọ̀rọ̀ kékeré méjì tí ó wúwo: “ó yẹ” àti “kò yẹ.” Ẹ gbé òkúta sórí òṣùwọ̀n, ẹ ó mọ ìwọ̀n rẹ̀, ẹ kò lè gbé “ó yẹ” sórí òṣùwọ̀n kankan. Àwọn tí ó gbà pé ohun àfojúrí nìkan ni ó wà ń wí pé ẹgbẹ́ tí àwọn ènìyàn rẹ̀ ń ran ara wọn lọ́wọ́ ni ó pẹ́ láyé, láti ibẹ̀ ni a ti jogún ẹ̀rí-ọkàn. Ó lè jẹ́ pé ọ̀nà tí a gbà jogún rẹ̀ nìyẹn, n kò bá wọn jà. Omi ni ó gbé àwo. Ṣùgbọ́n nígbà tí òdodo bá máa ná mi ní òmìnira mi, tí ìdákẹ́jẹ́ sì máa gbà mí là, kí ni ó dé tí èmi yóò fi gbọ́ ti ẹ̀rí-ọkàn? Bí ó bá jẹ́ ìfẹ́ ara nìkan ni, ẹ̀dá a máa fẹ́ràn ìdákẹ́jẹ́. Ẹni tí ó lọ sí ẹ̀wọ̀n nítorí òdodo ń jẹ́rìí pé òdodo wà, pé ó ga ju òun lọ, àti pé ó ní àṣẹ lórí òun. Àwa ń pe orísun àṣẹ yìí ní Ọlọ́run.

Kò yẹ kí a fi agbára sọ òkú di ọmọ ìjọ. Ṣólàárín kò gbàgbọ́, ó sì sọ bẹ́ẹ̀ títí ó fi kú. Ìyìn ni fún un pé kò ṣe àgàbàgebè. Ohun tí mo wí ni pé ìgbésí ayé rẹ̀ tóbi ju ẹ̀kọ́ rẹ̀ lọ, bí ìgbésí ayé ọ̀pọ̀ nínú wa ti kéré sí ẹ̀kọ́ tiwa.

V. ÌYÀ ÀWỌN ALÁÌṢẸ̀

A dé ibi tí ó ṣòro jùlọ. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kìn-ín-ní 2002, tí í ṣe ọjọ́ Ìsinmi, iná mú ibi ìkóhun-ìjà-sí ní bárékè àwọn ọmọ-ogun ní Ìkẹjà. Àdó olóró ń bú, ilẹ̀ ń mì, àwọn ènìyàn kò sì mọ ibi tí wọn yóò sá sí. Nínú òkùnkùn, ọ̀pọ̀ sá wọ inú omi Òkè-Àfà. Àwọn tí ó kú lé ní 1,000, púpọ̀ nínú wọn sì jẹ́ ọmọdé. Ẹni tí ó bá dúró létí omi náà lọ́jọ́ kejì, tí ó sì bèèrè pé, “Níbo ni Ọlọ́run wà?”, kò sọ ọ̀rọ̀ òdì.

Kí a má ṣe dáhùn pé ẹ̀ṣẹ̀ wọn ni ó pa wọ́n. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọ̀rẹ́ Jóòbù ṣe, Ọlọ́run sì bínú sí wọn, ó wí pé ọ̀rọ̀ wọn kò tọ́. Kí a má sì ṣe dá Ọlọ́run lẹ́bi fún ohun tí ọwọ́ ènìyàn ṣe. Ènìyàn ni ó ṣe àdó olóró, ènìyàn ni ó kó o jọ sí àárín ilé àwọn ọmọdé. Ṣùgbọ́n èyí kò parí ọ̀rọ̀, nítorí àwọn ìyà kan wà tí kì í ṣe ọwọ́ ènìyàn ni ó ti wá, bí àrùn tí ń pa ọmọ ọwọ́.

Ohun méjì ni mo ní láti wí. Èkínní, bí ohun àfojúrí nìkan bá ni ó wà, omi kàn ṣe iṣẹ́ omi ni, kò sí ohun tí ó burú nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ẹnìkan tí ó lè dúró létí Òkè-Àfà kí ó sọ bẹ́ẹ̀. Ọkàn gbogbo wa ń ké pé, “Kò yẹ kí ó rí báyìí!” Igbe yìí kan náà, tí a fi ń bá Ọlọ́run ṣe ẹjọ́, ń jẹ́rìí pé a mọ ohun kan tí ó ga ju bí ayé ti rí lọ. Èkejì, Ọlọ́run tí àwa ń wàásù rẹ̀ kò jókòó sí òkè réré kí ó máa wo ìyà. A kàn án mọ́ igi, òun pẹ̀lú sì kígbe níbẹ̀ pé kí ni ó dé tí a fi kọ òun sílẹ̀.

Ǹjẹ́ èyí yóò nu omijé ìyá tí ọmọ rẹ̀ kú? N kò rò bẹ́ẹ̀. Ìwàásù kì í nu omijé. Ọwọ́ ni ó ń nù ún. Ẹ jókòó tì í, ẹ se oúnjẹ fún un, ẹ sì dákẹ́.

VI. BÍ Ó TI YẸ KÍ A JIYÀN

Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹrin 2020, àwọn ọlọ́pàá mú Mubarak Bala ní Kàdúná. Òun ni olórí ẹgbẹ́ àwọn tí kò gbẹ́kẹ̀ lé ìsìn ní Nàìjíríà, ẹ̀sùn rẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ tí ó kọ sórí Facebook. Ní oṣù Kẹrin 2022, ilé-ẹjọ́ gíga ní Kánò dá ẹ̀wọ̀n ọdún 24 fún un. Ní 2024, Ilé-ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn dín in kù sí ọdún 5, a sì tú u sílẹ̀ lẹ́yìn náà. Bẹ́ẹ̀ sì ni ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999, ní ẹsẹ̀ 38, fún olúkúlùkù ní òmìnira èrò, ẹ̀rí-ọkàn àti ìsìn.

Ẹ má ṣe wí pé ọ̀rọ̀ àwọn ará Òkè-Ọya ni. Baba tí ó gbá ọmọ rẹ̀ létí nítorí pé ó sọ òtítọ́ inú rẹ̀ ti gba ọ̀nà kan náà, bí kò tilẹ̀ jìnnà tó bẹ́ẹ̀. Kí àwọn tí kò gba Ọlọ́run gbọ́ má sì ṣe yangàn: ní 1967, ìjọba Albania ti gbogbo ilé ìsìn pa, ó sì fi àwọn àlùfáà sẹ́wọ̀n. Ìbẹ̀rù ni ó ń mú ẹ̀wọ̀n wá, ìbẹ̀rù sì lè wọ ọkàn ẹni tí ó gbàgbọ́ àti ti ẹni tí kò gbàgbọ́.

Ẹ rántí ibi tí a ti ṣẹ̀ wá. Ọ̀nà tí ó kọjá níwájú wa yìí, Àgbádárìgì ni ó ń lọ, níbi tí Thomas Birch Freeman gúnlẹ̀ sí ní 1842 láti wàásù ìyìn rere. Ní ọjọ́ wọ̀nyí, Kristẹni ni ó kéré níye, òun ni a ń pè ní ẹni tí ó sẹ́ àwọn òrìṣà baba rẹ̀. Ní Abẹ́òkúta, a lu àwọn onígbàgbọ́, a dè wọ́n. Nígbà Ìfọ́lé ní 1867, a kó ilé ìjọ wọn, a sì lé àwọn míṣọ́nárì Òyìnbó jáde. Bí ó bá tọ́ pé kí àwọn tí ó pọ̀ fi ipá pa ẹnu àwọn tí ó kéré mọ́, a jẹ́ pé àwọn tí ó fọ́ ilé wa nígbà náà jàre.

Nítorí náà, nígbà tí ọmọ yín bá wí pé òun kò gbàgbọ́, ẹ fi ohun mẹ́rin sọ́kàn. Èkínní, ẹ gbọ́ ọ tán; ó lè jẹ́ pé ọlọ́run tí ó sẹ́, ẹ̀yin náà kò gbà á gbọ́. Èkejì, ẹ má ṣe purọ́ nítorí Ọlọ́run, bí ẹ kò bá mọ̀, ẹ wí pé, “N kò mọ̀, jẹ́ kí a jọ wá a.” Ẹ̀kẹta, ẹ má ṣe ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn, nítorí a kì í fi iná pe ẹni tí iná jó wálé. Ẹ̀kẹrin, ẹ jẹ́ kí ìwà yín dáhùn kí ẹnu yín tó dáhùn.

Mo padà sí etí odò. A kò lè fi ipá mú ọkùnrin àkọ́kọ́ láti rí ju omi lọ. A lè gbà pẹ̀lú rẹ̀ pé omi ni, kí a sì bèèrè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé, “Ṣùgbọ́n kí ni ó mú Ògúnfúnminíre dìde kúrò nílé bàbá rẹ̀ láti tẹ̀lé àwo?” Lẹ́yìn èyí, kí a máa rìn. Bí ó bá rí i pé àwa tí a wí pé Ẹnìkan ń tọ́ wa sọ́nà ń rìn ní ọ̀nà tí ó tọ́, bóyá òun náà yóò dìde.

Ní ti baba tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀, ó bi mí pé kí ni kí òun kọ sínú ìwé sí ọmọ òun. Mo ní kí ó má ṣe kọ ìwàásù kankan sí i. Kí ó kọ ọ́ pé, “Máa bọ̀ wálé. Mo ti ṣetán láti gbọ́.”